Ta Ní Èdè Wa Kò Gbọdọ̀ Dé Ibú Òkun?

Ọ̀rọ̀ kan ń ká mi lára, n kò sì ní gbé e mì. Àwọn kan wà láàrin wa, tí wọ́n kàwé tí wọ́n sì gboyè, tí wọ́n máa ń sọ pé kí Yorùbá mọ sórí àlọ́ ìjàpá, oríkì àti òwe. Pé kí a fi ọ̀rọ̀ ẹranko inú ibú òkun sílẹ̀ fún Òyìnbó, nítorí pé a kò ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ ọ́. Mo ní irọ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tí kò jìnnà sí wa. Ní oṣù keje ọdún 1992, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Faransé tí ń jẹ́ Nautile rì wọ inú òkun lọ ní ìhà Ghana. Ní nǹkan bíi 3,000 mítà sísàlẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn kì í dé, kámẹ́rà rẹ̀ ya ẹranko kan tí ó ní ọwọ́ mẹ́wàá. Ara rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n àwọn ọwọ́ náà! Ọ̀kọ̀ọ̀kan nà sí ẹ̀gbẹ́ láti ara rẹ̀, ó ṣẹ́ po bí ìgbọ̀nwọ́ ènìyàn, ó wá tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀ bí fọ́nrán òwú. Irú rẹ̀ náà ni ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ Shell yà ní Perdido, nínú Gulf of Mexico, ní ọdún 2007, tí fídíò rẹ̀ sì tàn káàkiri ayé.

Ní ọdún 1992 yẹn, kí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹranko yìí? Kò tíì ní orúkọ kankan fún un! Ọdún 1998 ni Michael Vecchione àti Richard Young tó sọ ìdílé tí àwọn onímọ̀ kà á mọ́ lónìí ní Magnapinna, láti ara àwọn ọmọdé rẹ̀ tí ó bọ́ sọ́wọ́ wọn. Látìn ni wọ́n sì lọ yá: “lẹbẹ ńlá” ni ó túmọ̀ sí. Ẹni tí ó yá aṣọ ni à ń pè ní aláṣọ, àwa tí a ní ìgbá aṣọ nínú àpótí wá ń rìn níhòòhò.

Ẹ tún wo ti Angola. Ní ọdún 2015, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ BP rí ohun kan ní nǹkan bíi 1,200 mítà nínú òkun, tí ó rí bí okùn tí ó lọ́ pọ̀. Bathyphysa conifera ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n spaghetti ni àwọn òṣìṣẹ́ náà fi ṣe ìnagijẹ rẹ̀. Oúnjẹ inú abọ́ wọn! Kò sì sí ẹni tí ó ní èdè wọn kò tó. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo kọ́ ni ẹ̀dá yìí: àwùjọ ni, àwọn kan ń mú oúnjẹ, àwọn kan ń bímọ, ara wọn sì so pọ̀. Agbo-ilé ni èmi ì bá pè é.

Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé bí irú fídíò bẹ́ẹ̀ bá dé orí fóònù wọn, “màmí wọtà” ni, “ẹ̀mí òkùnkùn” ni. Àwọn wọ̀nyí kò bí mi nínú tó àwọn ọ̀mọ̀wé. Kí wọ́n sáà gbọ́ bí Edith Widder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ya fídíò squid ńlá nínú ibú fún ìgbà àkọ́kọ́, ní erékùṣù Ogasawara ní Japan, lọ́dún 2012. Ó kíyè sí i pé iná funfun àti ariwo ẹ̀rọ ń lé ẹranko sá. Ó lo iná pupa, tí ọ̀pọ̀ ẹranko ibú kò lè rí, ó sì fi ìdẹ tí ń tàn bí jellyfish síwájú kámẹ́rà. Dákẹ́, dẹ ìdẹ, dúró: ọdẹ ìlú wo ni kò mọ èyí?

Ẹ má sì sọ fún mi pé a kì í ṣe ará òkun. Kí àwọn Ìlàjẹ má gbọ́! Èdè tí ó ya òkun sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀sà, tí ó ya ibú sọ́tọ̀ kúrò lára ìbú (ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àmì sí i, jíjìn omi ni èkíní, fífẹ̀ nǹkan ni èkejì), kò lè kú sórí ẹranko ọlọ́wọ́ mẹ́wàá.

Láti ọdún 2005 ni wọ́n ti ń fa epo ní Bonga, nínú òkun Nàìjíríà, níbi tí omi ti jìn ju 1,000 mítà lọ. Bí ohun tí ń bẹ nísàlẹ̀ bá jẹ́ epo, gbogbo wa ni a mọ iye rẹ̀ lọ́jà. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dá abẹ̀mí, a kò tilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi Yorùbá béèrè, “ẹja ni” ni a ó dá a lóhùn, yóò sì gbà pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni a fi ń mọ nǹkan.

Fún ẹranko tí Nautile rí, mo mú Onígbọ̀nwọ́-mẹ́wàá wá. Ẹni tí kò bá wù, kí ó mú tirẹ̀ wá, kí ó sáà jẹ́ ní Yorùbá.