Fóònù Ni Tàbí Ẹ̀rọ Olówó Ńlá? Ìjà Dé Lórí Owó Àjọ Ìyá Elélùbọ́

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìyá elélùbọ́ kan kó àjọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó ṣú, ariwo ti sọ ní ìsọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ọkọ ló bá a jà, kì í sì í ṣe orogún. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni, ọmọkùnrin ẹni ogún ọdún tó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tó jẹ́ pé bó bá ti ṣíwọ́ nírọ̀lẹ́, orin ló kù tó ń ṣe mọ́jú.

Ó ní kí ìyá òun yọ nínú owó náà, kó fi ra ẹ̀rọ ìṣorin kan fún òun. Ìyá ní kó jẹ́ kí òun rí i. Ọmọ fi àwòrán rẹ̀ hàn án lórí fóònù: nǹkan dúdú kan tí kò tóbi ju Bíbélì ńlá lọ, tó ní ojú kéékèèké mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀.

"Èló ni wọ́n ń ta kiní yìí?"

"Nígbà tó jáde ní 2021, nǹkan bíi dọ́là 500 ni, Màámi."

Ìyá elélùbọ́ kò mọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé kì í ṣe owó ẹ̀fọ́. "Dọ́là! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kò rẹ̀ ọ́ báyìí? Àpò èlùbọ́ mélòó ni n ó tà kí n tó rí èrè tó tó bẹ́ẹ̀? Owó tí mo fẹ́ fi wọ Ṣakí lọ rajà!"

Bàbá télọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tiwọn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó dá sí i. "Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ yìí, fóònù tó wà lọ́wọ́ ẹ yẹn, ṣé kò lè ṣe iṣẹ́ náà ni? Ọmọ tèmi náà ń ṣe orin lórí fóònù, kọ́bọ̀ ò tàpò mi jáde."

"Ó lè ṣe é, sà. Ó kàn jẹ́ pé..."

"Ó kàn jẹ́ pé kí ni? Ó kàn jẹ́ pé owó àjọ délẹ̀!" Gbogbo ìlà náà bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ìyá lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán. Ọ̀rọ̀ náà nídìí. Ẹ̀rọ tí ọmọ yìí ń wí, sáńpúlà ni àwọn olórin ń pè é, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì le láti yé ẹni tó bá ti gbọ́ ìró odó rí. Ẹ so máìkì mọ́ ọn, ẹ gbé máìkì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó, ẹ gún odó lẹ́ẹ̀kan, ó ti gba ìró náà sílẹ̀. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ onídùndún, ó gba ti ìyẹn náà. Ìró kọ̀ọ̀kan á wá jókòó sábẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan. Bí ìka bá tẹ ti àkọ́kọ́, odó á dún. Bó bá tẹ èkejì, dùndún á fọhùn. Èèyàn á máa fi ìka lù ú bí ẹni ń lu ìlù, ẹ̀rọ á máa rántí bó ṣe lù ú, á sì máa tún un lù láìsinmi. Ó lè sọ ohùn odó di tínrín, ó lè sọ ọ́ di ńlá, ó sì lè gé orin sí wẹ́wẹ́ bí ẹni ń rẹ́ ilá.

Nígbà tí irú ẹ̀rọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, owó gọbọi ni wọ́n ń tà á, inú rẹ̀ kò sì gba nǹkan kan. Èyí tí ilé iṣẹ́ E-mu ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1987, SP-1200, gbogbo ìró tó lè gbà sínú kò ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá! Oníbàárà ò tíì ná èlùbọ́ kóńgò kan tán nígbà yẹn. Kí wá ni àwọn ọmọ New York ṣe? Wọ́n ń mú kí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù sáré ju bó ṣe yẹ lọ, kí orin púpọ̀ lè wọ ibi tóóró, bó bá ti wọlé tán, wọ́n á dẹ eré rẹ̀ padà nínú ẹ̀rọ. Ohùn tó ń jáde á ha, bí ohùn ẹni tí òtútù mú. Ohùn híha yẹn gan-an ni àwọn èèyàn wá ń wá kiri títí di òní.

Lọ́dún kejì, 1988, ni ilé iṣẹ́ Akai ti Japan gbé tiwọn jáde, MPC60, tí ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Roger Linn bá wọn ṣe. Òun ló ní ojú mẹ́rìndínlógún, mẹ́rin mẹ́rin ní ìlà mẹ́rin, tí gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e wá ń fara wé, títí kan èyí tí ọmọ elélùbọ́ fẹ́ rà. Àbúrò MPC60 yìí, MPC3000, ló bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Detroit kan, James Yancey, tí ayé mọ̀ sí J Dilla. Ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ bí wọ́n ṣe ń to ìlù gún régé bí ìlà aṣọ òfì, ṣùgbọ́n Dilla kì í gbà fún un. Ìlù kan á yá díẹ̀, èkejì á fà sẹ́yìn díẹ̀, bí ẹni tó mu ẹmu tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ tí kò sì ṣubú. Àwọn onílù tó ń fọwọ́ lu ìlù gidi ló wá ń kọ́ bí wọ́n ṣe lè lù bíi tiẹ̀. Ọjọ́ 10 oṣù kejì ọdún 2006 ló kú, ọjọ́ kẹta tó pé ọmọ ọdún 32. Ìyá rẹ̀, Maureen Yancey, kò ta ẹ̀rọ náà. Ní 2014 ó fi ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́rẹ, ilé ńlá tí wọ́n kọ́ sí Washington fún ìtàn àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ṣí ní 2016.

Èyí ni ọmọ elélùbọ́ rò fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó rò pé ìtàn ìyá Dilla á rọ ìyá òun lọ́kàn. Ìyá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ọmọ náà. Ìwọ ò ní kú, n ò sì ní dọ́là."

Bàbá télọ̀ náà ní ìtàn tiẹ̀, ọmọ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, òótọ́ sì ni. Ọmọkùnrin kan wà ní Compton, ní California, Steve Lacy. Orí fóònù iPhone ló ti ń ṣe orin, pẹ̀lú GarageBand, áàpù tí Apple ṣe. Yóò fi wáyà kékeré kan so gìtá mọ́ fóònù, yóò lu ìlù sí i, yóò kọrin sí i, ó tán. Ó wà lára àwọn tó ṣe orin "PRIDE." fún Kendrick Lamar, èyí tó wà nínú àwo DAMN. tó jáde ní 2017. Ọmọ ọdún 18 ni Lacy nígbà náà. Lọ́dún 2018, àwo yẹn gba ẹ̀bùn Pulitzer ti orin, ẹ̀bùn tí wọn kò fún ẹnikẹ́ni rí bí kò bá ṣe olórin ìwé tàbí ti jáàsì. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ní fóònù kò lè ṣe orin gidi, ó yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ yìí.

Tí ẹ bá sì wo ọ̀rọ̀ owó, àsọtì ni. GarageBand ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó bá ní iPhone. Fún àwọn tó ní Android, tó jẹ́ pé àwọn ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, BandLab wà, ọ̀fẹ́ lòun náà. Koala Sampler wà, òun ló jọ sáńpúlà gan-an, nǹkan bíi dọ́là 5 ni. Ẹ fi 5 wé 500. Kò sí ìyá tó mọ owó kà tí kò ní mọ ibi tí yóò dorí kọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà fẹ́ sọ, tí wọn ò jẹ́ kó sọ tán, ni pé fóònù ní wàhálà tiẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ Android, pàápàá àwọn tí owó wọn ò pọ̀, bí ìka bá tẹ ojú, ohùn kì í jáde lẹ́sẹ̀ kan náà, á pẹ́ bíńtín. Bíńtín yẹn kò já mọ́ nǹkan kan fún ẹni tó ń wo fíìmù, ṣùgbọ́n onílù á mọ̀ ọ́n, nítorí ọwọ́ á lọ síwájú, ohùn á máa tẹ̀ lé e bí ọmọ tó ń sunkún tọ ìyá rẹ̀. Bó bá tún lọ lo íápíìsì aláìníwàyà, ó ti bàjẹ́ pátápátá. Ẹni tó bá ń fi fóònù ṣe orin, kó wá íápíìsì oníwàyà.

Èkejì ni pé áàpù kì í ṣe ohun ìní ẹni bí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe jẹ́ ohun ìní télọ̀. Lọ́dún 2017, Apple yí ọpọlọ fóònù wọn padà sí iOS 11, gbogbo áàpù àtijọ́ tí ẹni tó ṣe é kò tún ṣe kò ṣí mọ́ lórí rẹ̀. Àwọn áàpù orin wà nínú wọn. Ẹni tó ti fowó ra irú rẹ̀ jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Bẹ́ẹ̀, MPC60 ti 1988 wà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó kan ẹni tó ń ra ẹ̀rọ náà. Sáńpúlà kò fẹ́ iná ìjọba dandan. Èyí tí ọmọ yìí ń wí, Roland SP-404MKII, bátìrì mẹ́fà irú èyí tí wọ́n ń fi sí tọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Ṣùgbọ́n ó ń mu bátìrì bí ẹni mu omi: wákàtí díẹ̀, ó ti tán. Bó bá sì bàjẹ́, ta ni yóò tún un ṣe? Ọmọ ní òun ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe, òun á tún un ṣe fúnra òun. Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀, kò fèsì.

Ọ̀rọ̀ tún wà nílẹ̀ tí fóònù àti sáńpúlà jọ pín. Ẹ̀rọ méjèèjì mọ bí a ṣe ń gé orin olórin mú. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kan ní New York dá Biz Markie lẹ́bi pé ó gé orin Gilbert O'Sullivan sínú tiẹ̀ láìgbàṣẹ. Látìgbà yẹn, ẹni tó bá gbọ́n ń tọrọ àṣẹ, tàbí kó wá ìró tiẹ̀. Odó ìyá ẹni kò ní agbẹjọ́rò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn títí di ọjọ́ Sọ́ńdè. Ìyàwó kan bímọ ládùúgbò, wọ́n pe ọmọ náà pé kó wá fi orin sí i níbi ìsọmọlórúkọ. Ó gbé fóònù rẹ̀ lọ, ó so ó mọ́ gbohùngbohùn. Ó ti gba ìró odó ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun àti agogo kan, ó fi Koala tò wọ́n pọ̀, ó ń fi ìka lù ú. Àwọn obìnrin bọ́ sójú agbo. Ìyá arúgbó kan ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kanlẹ̀, ni orin bá kú fin-ín. Ohun tó wá ń dún nínú gbohùngbohùn ni ipè fóònù. Ìyá arúgbó dúró gbagidi sójú agbo. Wọ́n pòṣé. Ta ló ń pè? Ìyá elélùbọ́ ni, láti ìsọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun ti jẹun.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ rò fún un. "Èmi ni mo ba orin jẹ́?" Ìyá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Bàbá télọ̀ ní, "Ṣé o ò lè pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni? Ọmọ tèmi máa ń pa á."

"Mo gbàgbé, sà. Àmọ́ bí mo bá tiẹ̀ pa á, ẹni tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún mi, orí fóònù yẹn náà ló ti máa pè mí. Owó tí wọ́n fi ránṣẹ́, orí ẹ̀ náà ni álẹ́ẹ̀tì ń wọ̀. Ẹ má bínú sà, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń ránṣọ yìí, ṣé ẹnikẹ́ni máa ń pè yín lórí ẹ̀?"

Bàbá télọ̀ wo ẹ̀rọ rẹ̀. Ó rọra ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ìyá elélùbọ́ kò yọ dọ́là 500. Ó rajà rẹ̀ ní Ṣakí. Ṣùgbọ́n ó bi ọmọ léèrè bóyá kékeré kò sí. Kékeré wà: PO-33, ti àwọn ará Sweden kan, Teenage Engineering, tó jáde ní 2018. Ó dà bí ẹ̀rọ ìṣírò, bátìrì méjì irú ti rìmóòtù ló ń lò, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló lè gbà, owó rẹ̀ kò sì tó dọ́là 100 nígbà tó jáde.

"Ìdajì tèmi, ìdajì tìẹ," ni ìyá wí. "Kí fóònù yẹn lọ wá ìdajì tìẹ wá. Èyí ńlá, tí kékeré bá pa á, wàá rà á."

Lálẹ́ ọjọ́ náà ó fẹ́ gúnyán, ó bá fóònù ọmọ rẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Ó gbé ọmọrí odó sókè.

"Ẹ dúró ná, Màámi. Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́."