Ẹ Sọ Ìtàn Òwú Náà Tán
Iṣẹ́ tó níyì ni kéèyàn yọ̀ǹda ara rẹ̀, kó wọ aṣọ ayé àtijọ́, kó máa ṣàlàyé iṣẹ́ àwọn ará ìgbà náà fún àlejò ní Quarry Bank, ilé-iṣẹ́ òwú tí Samuel Greg dá sílẹ̀ nítòsí Manchester lọ́dún 1784. Àmọ́ aṣọ nìkan kò tó. Àwọn ọmọ aláìní ni wọ́n kó sínú ilé tí wọ́n kọ́ fún ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1790. Iṣẹ́ wákàtí méjìlá lóòjọ́, oúnjẹ àti ibùsùn lowó wọn. Ọmọ kékeré a máa rápálá wọ abẹ́ ẹ̀rọ tó ń lọ tó ń bọ̀, kó lè gbá òwú tó bọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹni tó wọ aṣọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó fi han àwọn ọmọ ilé-ìwé bí àyè yẹn ṣe há tó. Kó dárúkọ Thomas Priestley, ọmọ ọdún 13 tí ẹ̀rọ gé níka, tó sá lọ sí London ní 1806 torí pé àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́. Kó má sì fo ibi tí òwú ti wá. Ẹrú ló ká ọ̀pọ̀ rẹ̀ lókè òkun, Greg fúnra rẹ̀ sì jogún oko ẹrú ní Dominica. Àwa tí wọ́n kó èèyàn wa sọdá òkun, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Bí àlejò bá ya fọ́tò tán tó fẹ́ máa lọ, ẹ dá a dúró, ẹ sọ èyí fún un pẹ̀lú.