Owó Ọlọ́sẹ̀ Kọ́ Ni Owó Ilé-ìwé

  

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn. Ọmọ wa kan tó ń ta ata lọ́jà yìí, tó gbé ọmọ pọ̀n, ló lọ gba ₦150,000 lọ́wọ́ àwọn olówó kómúlélántà. Kò fi ra ata o. Owó ilé-ìwé ọkọ rẹ̀ ní Poli ló fi san, kí ọkọ lè parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni wọ́n dá fún un, ₦7,500 lọ́sẹ̀. Ẹ bá wa ṣírò ẹ̀: ₦180,000 ni. Kí ọkọ tó ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ìyàwó ti lọ yá owó míì láti fi dí ti àkọ́kọ́. Ní báyìí, ibi mẹ́ta ni wọ́n jẹ gbèsè sí, ọkọ ò sì tíì ríṣẹ́. Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, àwọn tó ṣe onídùúró fún un ká a mọ́ ìsọ̀, wọ́n gbé agbọ̀n ata ẹ̀ lọ lójú oníbàárà.

Àwọn kan ní òun ló fà á. Àwa ò gbà. Ẹni tó ní kí ọkọ òun kàwé kò ṣẹ̀. Irú owó tó yá ni kò dáa. Ata tí a rà láàárọ̀, a lè tà á kí ilẹ̀ tó ṣú, ó lè san owó ọlọ́sẹ̀. Ìwé ní tiẹ̀ dà bí obì, ọdún ló ń gbà kó tó so.

Ìjọba àpapọ̀ ti ní ẹ̀yáwó fún akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND ni wọ́n ń pè é. Oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin rẹ̀. Kò lélé. Ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó náà fún tààrà. Ó di ọdún méjì lẹ́yìn àgùnbánirọ̀ kí ẹni tó yá a tó bẹ̀rẹ̀ sí san, náírà mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọn ó sì máa yọ. Ilé-ìwé ìjọba nìkan ló wà fún o. Kì í sì í ṣe owó ọ̀fẹ́. Irú rẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1972, ọ̀pọ̀ ò san án padà. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà.

Ohun tí a ń fẹ́ rèé. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó ilé-ìwé, kó kọ́kọ́ sọ fún Ìyálọ́jà. Kí ẹgbẹ́ ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó oṣooṣù wa, tí a ó máa yá ọmọ ẹgbẹ́ fún owó ilé-ìwé, tí wọn ó fi ọdún méjì san. Kí onídùúró má sì gbé ọjà ẹnikẹ́ni mọ́, kó mú ẹjọ́ wá sípàdé. Àwa náà ti dúró fún ènìyàn rí, a mọ bó ṣe ń dun ni. Àmọ́ tí a bá gbé ata ẹ̀ lọ, kí ló fẹ́ tà tí yóò fi san?

Ẹ wá sípàdé, ká jọ fi ẹnu kò. Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́