Ìjúwe Kì í Ṣe Yíya Máàpù: Ohun Tí Àtúnṣe Ẹ̀rọ Lè Kọ́ Ẹni Tí Ń Ṣẹ̀dá Èdè-Ìperí

Láti ọdún 1970 tí Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lábẹ́ àmójútó Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú pé bóyá èdè Yorùbá lè ru ẹrù ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tàbí kò lè rù ú. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi èdè abínibí wọn kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n dáhùn ìbéèrè náà. Nígbà tí ó yá, ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ sì tẹ̀ lé e ní 1990. Àwọn ìwé wọ̀nyí dá lé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Wọ́n fi ẹsẹ̀ iṣẹ́ náà múlẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé àwọn ti parí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní èdè Yorùbá yóò tètè rí i pé oko ṣì pọ̀ níwájú.

Kì í ṣe àìsí ọ̀rọ̀ ni ìṣòro tí ó tóbi jù nínú oko yìí. Ìwọ̀n tí àwọn olùtumọ̀ fi ń wọn ọ̀rọ̀ ni. Ìwọ̀n méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní ni pé kí ọ̀rọ̀ tuntun náà bá ti Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba bí ìwé atúmọ̀-èdè ti wí. Èkejì ni pé kí ó dùn létí. Àpẹẹrẹ èkejì ni orúkọ náà, ẹ̀rọ ayára-bí-àṣá, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pe kọ̀ǹpútà. Orúkọ náà dùn, ṣùgbọ́n oríkì ni: ó ń yin ẹ̀rọ náà, kò sọ iṣẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ayára-bí-àṣá bá ń wọ́ bí ìgbín, orúkọ náà kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti mọ ibi tí àìsàn rẹ̀ wà.

Ìwọ̀n kẹta ni ó yẹ kí ó borí àwọn méjì wọ̀nyí, òun ni ìwọ̀n àtúnṣe. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, ǹjẹ́ ènìyàn lè fi àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀dá sọ ohun tí ó bàjẹ́, kí ó sọ ìdí rẹ̀, kí ó sì sọ bí wọn yóò ṣe tún un ṣe, kí ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sì lóye rẹ̀ yékéyéké? Bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, èdè-ìperí ti wà. Bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ lásán ni wọ́n tò sórí ìwé.

Àpẹẹrẹ kan láti inú iṣẹ́ àwọn tí ń tọ́jú Linux, ètò tí ń darí iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà, yóò mú ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere. Ní 1998 ni ilé-iṣẹ́ Matrox gbé ẹ̀yà ẹ̀rọ aṣàwòrán kan jáde tí ó ń jẹ́ G200. Ẹ̀yà náà ti gbó, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe láti ara rẹ̀ wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà ńlá tí ń sin àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kò nílò àwòrán aláràbarà. Ojú kan tí ọ̀rọ̀ lè hàn sí ti tó o. Nínú Linux, ètò kékeré kan wà tí ń bá ẹ̀yà yìí sọ̀rọ̀. Ní 2019, àwọn tí ń tọ́jú ètò náà yọ apá kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan kúrò, wọ́n sì fi èyí tí ọ̀pọ̀ ètò irú rẹ̀ jọ ń lò rọ́pò. Èrò wọn dára, nítorí ohun tí ènìyàn púpọ̀ ń lò ni ènìyàn púpọ̀ ń tọ́jú. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹ̀rọ adánwò tí ń yẹ Linux wò fi jábọ̀ pé èsì ìdánwò kan tí kò kan àwòrán rárá ti fi nǹkan bí 19 nínú 100 lọ sílẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń wá ìdí rẹ̀, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mapping.

Bí olùtumọ̀ tí ó gbára lé ìwé atúmọ̀-èdè nìkan bá fẹ́ ròyìn ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí yóò kọ kò ní jìnnà sí èyí: “Awakọ̀ àwòrán ń ya máàpù ìrántí nígbà gbogbo, ó sì ń pa máàpù náà rẹ́, èyí ni kò jẹ́ kí iṣẹ́ yá.” Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú gbólóhùn yìí tí ìwé atúmọ̀-èdè kò ní gbè. Síbẹ̀, ta ni ó lè fi í tún ẹ̀rọ ṣe? Awakọ̀ mú ọkàn lọ sí ibùdókọ̀. Ìrántí mú un lọ sí ìwé ètò ìsìnkú. Máàpù ni ó burú jù. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwòrán ni ó wà nílẹ̀, tí máàpù pẹ̀lú sì jẹ́ àwòrán, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé máàpù ni ẹ̀rọ náà ń yà sí ojú kọ̀ǹpútà. Ibi tí ó yẹ kí ó yà sí ọ̀tún ni yóò ti yà sí òsì, kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣìnà.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí ó yẹ kí olùtumọ̀ wò níhìn-ín ni iṣẹ́ tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ètò kékeré tí ó dúró láàrin ẹ̀yà ẹ̀rọ àti ìyókù kọ̀ǹpútà kò wa ohunkóhun. Ó ń gbọ́ ti ọ̀tún, ó ń sọ ọ́ fún ti òsì. Alárinà ni. Ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tí ó ń lò sí kì í rántí nǹkan fúnra rẹ̀. Ó ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá kó sí i ni, títí ẹni tí ó ni ín yóò fi wá mú un. Àká ni. Apá kan nínú àká ẹ̀yà aṣàwòrán wà tí ohunkóhun tí wọ́n bá tò sí i yóò hàn lójú kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Obìnrin ọlọ́jà kò ní pẹ́ kí ó tó fún un lórúkọ: àtẹ ni, nítorí ohun tí ó bá wà lórí àtẹ ni oníbàárà ń rí.

Ó wá ku mapping. Ètò tí ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà kì í lo àdírẹ́sì tí nǹkan wà ní tòótọ́. Àdírẹ́sì tirẹ̀ ni ó ń pè, ìwé kan sì wà nínú kọ̀ǹpútà tí ń sọ pé, “Bí o bá pe èyí, ibí ni kí o lọ.” Ìwé náà pín sí ojú-ewé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà sì ń ka báìtì 4,096 sí ojú-ewé kan. Iṣẹ́ kíkọ ọ̀nà sínú ìwé yìí ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní mapping. Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ fún un kí kọ̀ǹpútà tó dé. Bí àlejò bá dé ìlú tí kò mọ ilé ẹni tí ó ń wá, wọn kì í ya nǹkan kan fún un. Wọ́n ń júwe ilé náà fún un ni. Ìjúwe àká ni mapping. Ìwé tí wọ́n kọ ọ̀nà sí ni ìwé ìjúwe.

Pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí, ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tún ìròyìn náà sọ. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n gbà ní 2019 ní àtẹ méjì. Ọ̀kan ni àtẹ ìpalẹ̀mọ́, tí ó wà nínú àká gbogbogbò ti kọ̀ǹpútà. Èkejì ni àtẹ ìfihàn, tí ó wà nínú àká ẹ̀yà aṣàwòrán. Àtẹ ìpalẹ̀mọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń to ọ̀rọ̀ sí, nítorí pé àká ẹ̀yà aṣàwòrán jìnnà sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà, kíkà nínú rẹ̀ sì ń lọ́ra. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ṣe ẹ̀dà ohun tí ó yí padà sórí àtẹ ìfihàn. Ṣùgbọ́n alárinà kò lè dé àtẹ ìfihàn láìjẹ́ pé wọ́n júwe rẹ̀. Nítorí náà, wọn yóò júwe rẹ̀, wọn yóò ṣe ẹ̀dà, wọn yóò sì pa ìjúwe náà rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ kan bá tún hàn, tàbí bí àmì tí ń ṣẹ́jú ní ibi tí ìkọ̀wé dé bá tún ṣẹ́jú, wọn yóò júwe, wọn yóò tún pa á rẹ́.

Iṣẹ́ kékeré kọ́ ni èyí. Àwòrán tí ó ní àmì àwọ̀ 1,024 ní ìbú àti 768 ní òró, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì gba báìtì 4, yóò gba báìtì 3,145,728. Bí ojú-ewé bá jẹ́ báìtì 4,096, ojú-ewé 768 ni wọn yóò júwe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí padà. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọpọlọ kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan a máa tọ́jú ìjúwe tí ó ti lò sẹ́bàá ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó má baà máa padà síbi ìwé ńlá. Bí ìjúwe kan bá di pípárẹ́, gbogbo wọn ni wọ́n gbọ́dọ̀ nu èyí tí ó wà lọ́dọ̀ wọn nù kí wọ́n má baà tọ ọ̀nà tí kò sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìjúwe ṣe lè di ìnira fún iṣẹ́ tí kò kan àwòrán.

Àtúnṣe tí wọ́n ṣe ní ọdún kan náà rọrùn láti sọ. Bí alárinà bá ti lo ìjúwe àtẹ tán, wọn kò pa á rẹ́ mọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀ de ìgbà tí wọn yóò tún lò ó. Ìgbà kan ṣoṣo ni pípa rẹ́ di dandan: ìgbà tí ààyè bá há nínú àká ẹ̀yà aṣàwòrán, tí alábòójútó àká sì kó àtẹ náà kúrò níbi tí ó wà. Ẹnikẹ́ni tí ó gbọ́ Yorùbá ni yóò lóye ìdí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti júwe ilé fún kò nílò kí wọ́n tún un júwe bí ó bá padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n bí onílé bá ti kó lọ sí àdúgbò mìíràn, ìjúwe àtijọ́ ti di aṣinilọ́nà, ó sì yẹ kí wọ́n pa á rẹ́. Ọ̀rọ̀ náà, júwe, fúnra rẹ̀ ni ó sọ àtúnṣe. Máàpù kò lè sọ ọ́.

Ohun tí àwọn kan yóò takò kò ní ṣàì wà. Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àyálò ni ó yá jù: kí wọ́n kọ mápíǹgì, kí ó sì parí síbẹ̀. Òótọ́ ni pé àyálò ní ààyè tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà, báìtì àti àdírẹ́sì ti jókòó jẹ́ẹ́ nínú èdè, kò sì sí ohun tí yíyọ wọ́n yóò fi kún ìmọ̀. Ṣùgbọ́n àyálò yẹ fún ohun tí orúkọ rẹ̀ tó láti mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́, tí ènìyàn ní láti lóye bí ó ṣe ń lọ kí ó tó lè tún un ṣe, nílò ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó láyè. Láti ara júwe ni ìjúwe ti wá. Láti ara rẹ̀ ni ènìyàn ti lè sọ tún júwe, àìjúwe àti èyí tí wọn kò tíì júwe. Mápíǹgì kò lè bímọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn onígírámà pẹ̀lú yóò ránni létí pé júwe ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú èdè-ìperí: ọ̀rọ̀ àpèjúwe wà, gbogbo ọmọ ilé-ìwé ni ó sì mọ̀ ọ́n. Àtakò yìí lágbára ju ti ìṣáájú lọ. Bí ènìyàn bá kọ ìjúwe láìfi nǹkan tì í, àṣìlóye lè wà nínú ìwé tí ó kan gírámà àti kọ̀ǹpútà pọ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n máa kọ ìjúwe àká ní odidi nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá jáde nínú ìwé kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni ti àká. Ọmọ ìgboro lè má rí àká rí, ṣùgbọ́n olùkọ́ lè ṣàlàyé rẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan, àlàyé náà kò sì ní ṣi ọmọ náà lọ́nà. Ìrántí kò nílò àlàyé, ṣùgbọ́n ibi tí ó ń mú ènìyàn lọ kì í ṣe ibi tí ó yẹ.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju mẹ́rin yìí lọ wà. Bí ó bá wà, kí ẹni tí ó ní in mú un wá, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ìgbìmọ̀ tàbí olùkọ̀wé kankan má ṣe tẹ àtòjọ ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà jáde kí ó tó mú ìròyìn ìbàjẹ́ kan àti àtúnṣe kan, kí ó fi àwọn ọ̀rọ̀ inú àtòjọ náà sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ó sì kà á sí etígbọ̀ọ́ ẹni tí Yorùbá nìkan ni ó gbọ́. Bí ẹni náà bá lè sọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n tún ṣe kí òǹkàwé tó dé ibẹ̀, àtòjọ náà ti yẹ fún títẹ̀. Bí kò bá lè sọ ọ́, kí wọ́n gbé e padà sórí tábìlì. Àwọn ọmọ tí yóò kọ́ iṣẹ́ yìí kò ní fi orúkọ tún ẹ̀rọ ṣe. Òye tí orúkọ bá gbé lé wọn lọ́wọ́ ni wọn yóò fi tún un ṣe.