Iṣẹ́ Ọ́fíìsì Wọ Ilé: Ta Ni Yóò San Owó Dátà?

Nígbà tí Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari, kéde òfin kónílé-ó-gbélé fún Èkó ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọdún 2020 nítorí àrùn Kòrónà, kò ti èbúté Àpápá pa. Àwọn tó ń sọ ẹrù kalẹ̀ níbẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ tó múlé tì í, ń lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé ni wọ́n ní kí ó máa ṣe tirẹ̀ nílé. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń pariwo pé ìrọ̀rùn dé. Ìrọ̀rùn ta ni?

Ẹ wo ìdílé tó ń gbé yàrá kan ní Ajégúnlẹ̀, tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì mìíràn ju dátà orí fóònù bàbá lọ. Tẹ́lẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ tó fún ìkíni àti ìròyìn. Nísinsìnyí, ìpàdé ọ́fíìsì ti jẹ dátà tán kí ọmọ tó ti ilé-ẹ̀kọ́ dé láti fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ní oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2025, àjọ NCC tún gba àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láyè láti fi owó lé owó wọn, títí dé ìdá 50 nínú 100.

Ta ló ń jẹ èrè ìpàdé náà? Agbanisíṣẹ́ ni. Ta ló ń san owó rẹ̀? Òṣìṣẹ́ àti ọmọ rẹ̀ ni. Yorùbá ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Àáké ẹlòmíràn ni àwọn wọ̀nyí fi ń la àpáta tiwọn. Bẹ́ẹ̀ sì ni òfin ìṣòwò nínú Ìsìláàmù kò ya èrè nípá kúrò lára ìnáwó.

Àwọn kan yóò ní owó ọkọ̀ tí òṣìṣẹ́ kò san mọ́ ti tó o. Òtítọ́ ni pé owó ọkọ̀ ga láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2023. Ṣùgbọ́n inú owó oṣù òṣìṣẹ́ ni owó ọkọ̀ ti ń jáde. Kì í ṣe ẹ̀bùn ọ̀gá. Epo jẹnẹrétọ̀ tí ọ̀gá kò rà mọ́ ńkọ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iṣẹ́ tí ẹ óò máa ṣe nílé, ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó dátà àti iná, kí ẹ sì rí i pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin olórí ilé, ẹ ya ti ọmọ sọ́tọ̀ kí ẹ tó ṣí fóònù fún ọ̀gá. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ẹ san án. Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe sàráà.