Ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo kò tó dá ẹjọ́

Kò sí ẹ̀kọ́ òdì tó tíì da ìjọ Kristi láàmú tí kò ní ẹsẹ Bíbélì tirẹ̀ lọ́wọ́. Arius, àlùfáà ará Alẹkisáńdíríà, di Jòhánù 14:28 mú, níbi tí Jésù ti ní Baba tóbi ju òun lọ, ó sì fi ń kọ́ni pé ẹni tí a dá ni Ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé àwọn bíṣọ́ọ̀bù péjọ sí Nicaea, ní ilẹ̀ Tọ́kì òde òní, lọ́dún 325. Wọn kò pa ẹsẹ náà tì. Wọ́n wo gbogbo Ìwé Mímọ́, títí kan ìbẹ̀rẹ̀ Ìhìnrere Jòhánù yẹn kan náà, tó pe Ọ̀rọ̀ náà ní Ọlọ́run. Wọ́n jẹ́wọ́ pé ohun tí Baba jẹ́ gẹ́lẹ́ ni Ọmọ náà jẹ́. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìjọ ti ń ka Jòhánù 14:28 gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, tó gbé ara ènìyàn wọ̀.

Bí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ṣe ń tọ́ òǹkàwé sọ́nà nìyẹn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó gbọ́ ti ẹsẹ kan tí kò gbọ́ ti ìyókù kò yàtọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Bí ọmọ ìjọ bá béèrè bí wọ́n ṣe ná owó ìjọ, Orin Dáfídì 105:15 ni wọ́n sábà fi ń pa á lẹ́nu mọ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Ẹ ka Sáàmù náà láti ẹsẹ kẹjọ. Nípa Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù ló ń sọ, àwọn díẹ̀ tó ṣe àtìpó nílẹ̀ onílẹ̀, tí Ọlọ́run sì bá àwọn ọba wí nítorí wọn. Ààbò aláìlágbára lọ́wọ́ alágbára ni ẹsẹ yẹn. A ti sọ ọ́ di ààbò alágbára.

Ìjọ gbà pé Jésù gan-an ni Ẹni Àmì Òróró, àti pé gbogbo onígbàgbọ́ ló pín nínú òróró náà, bí 1 Jòhánù 2:20 ti kọ́ni. Ẹni tó bá di ẹ̀kọ́ yìí mú kò ní fi Sáàmù náà gbé ẹnikẹ́ni kọjá ìbéèrè. Pọ́ọ̀lù bá Pétérù wí lójú gbogbo ènìyàn ní Áńtíókù, Ìwé Mímọ́ sì yin àwọn ará Bèróà tó yẹ ìwàásù Pọ́ọ̀lù wò.

Àwọn kan yóò ní Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń kọ́ àwọn, àwọn kò nílò ìgbìmọ̀ àtijọ́. Ẹ̀mí kan náà ló ń kọ́ ìjọ kí a tó bí wa, kì í sì í ta ko ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹ̀kọ́ ìjọ kò ga ju Ìwé Mímọ́ lọ. Martin Luther, alátùn-únṣe ìjọ ní Jámánì, sọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú Worms lọ́dún 1521. Síbẹ̀, òun náà ló ṣàlàyé Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ Àwọn Àpọ́sítélì nínú Katikísìmù tó kọ lọ́dún 1529 fún àwọn ará ilé àti ọmọ wọn.

A rọ àwọn ìjọ kí wọ́n má fi Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ mọ sí àkàsórí. Kí wọ́n kọ́ni ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú àwọn ẹsẹ tí ó ti inú wọn jáde wá. Kí oníwàásù tó sọ ẹsẹ kan di òfin, kí ó bi ara rẹ̀ pé: ta ni a bá sọ̀rọ̀ yìí? Kí ni ìyókù Bíbélì wí? Ṣé ó bá ohun tí à ń jẹ́wọ́ nípa Kristi mu? Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo láyé àtijọ́, kọ́ni pé ẹni tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá mú ìfẹ́ Ọlọ́run àti ti ọmọnìkejì dàgbà kò tíì lóye Ìwé Mímọ́.

Kí ọmọ ìjọ náà ṣí Bíbélì rẹ̀, kí ó ka ohun tó ṣáájú ẹsẹ àti ohun tó tẹ̀lé e, kí ó sì béèrè ohun tí kò bá yé e. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ojúṣe rẹ̀ sì ni pẹ̀lú.