Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fẹnu Ara Rẹ̀ Bá Dókítà Sọ̀rọ̀

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ère òkúta ló wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Ẹ̀sìẹ́ ní Kwara, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Púpọ̀ nínú wọn jókòó jẹ́jẹ́, wọn kò fọhùn. Bí ọmọ bá jókòó bẹ́ẹ̀ nílé, ìyìn ni àgbà máa ń fi fún un: "Ọmọ náà tutù, kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu." Nígbà mìíràn, àìsàn ló mú un dákẹ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ń bá àìlera ọpọlọ tàbí ti ọkàn yí. Ìsoríkọ́ wà lára rẹ̀, kì í sì í fìgbà gbogbo mú ẹkún wá. Ọmọ mìíràn á di oníbìínú. Òmíràn á pa ọ̀rẹ́ tì, máàkì rẹ̀ á já wálẹ̀, kò ní lè sùn, tàbí kí orí máa fọ́ ọ, kí inú máa run ún, kí àyẹ̀wò má sì rí nǹkan kan. Nílé, wọ́n á pè é ní ibà, ọ̀lẹ tàbí àfiṣe. Bó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ilé ìwòsàn ló kàn.

Níbẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́. Dókítà á bi ọmọ ọdún mẹ́rìnlá pé, "Kí ló ń ṣe ọ́?" Kó tó lanu, ìyá ti dáhùn: "Ibà ni, sà. Kì í jẹun." Ọmọ á tẹjú mọ́lẹ̀, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ pé kò gbọ́dọ̀ já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà.

Ẹbí ní iṣẹ́ ṣe nínú ìwòsàn. Ní Aró, l'Ábẹ́òkúta, ní àwọn ọdún 1950, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo jẹ́ kí ìbátan máa bá aláìsàn gbé ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Nítorí náà, kí òbí sọ ìgbà tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kú nínú ilé, àti bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ìbátan kan rí. Lẹ́yìn náà, kó bọ́ síta.

Nígbà tó bá ku òun àti ọmọ nìkan, ó yẹ kí dókítà bi í bóyá ó ti ń ronú àtipa ara rẹ̀. Ẹ̀rù ìbéèrè yìí ń ba òbí, àmọ́ ìwádìí fi hàn pé kì í gbin èrò náà sí ọmọ lọ́kàn. Kí dókítà ti sọ fún ọmọ ṣáájú pé àṣírí rẹ̀ pamọ́, àyàfi èyí tó bá wu ẹ̀mí rẹ̀ léwu.

Bí àpẹẹrẹ, ní Kwara kan náà, ará Òmù-Àrán lè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà ìlú náà, kí wọ́n kọ ìwé fún un lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òyì. Ìjíròrò ni ìtọ́jú náà sábà máa ń jẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú oògùn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ pe ọmọ ní wèrè.

Ohun tó kù kò gba owó: kí dókítà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó níta díẹ̀," kí màmá sì dìde.